Fèrè Àgbà àti Ẹnu Tó Bá A Mu

(Ohùn sáàsì tẹ́nọ̀ wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ó rẹlẹ̀ bí olùsọ̀rọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀.)

Ẹ̀yin Èkìtì Kéte, ẹni tó ti oko dé tó ń na ẹsẹ̀, ìyá tó ń dáná alẹ́, awakọ̀ tó ń ti Ìtawúre bọ̀, ẹ fún mi ní etí yín díẹ̀.

Ohùn tí ẹ gbọ́ yẹn, inú fèrè tó ti lé ní 70 ọdún ló ti jáde. Sáàsì ni, fèrè idẹ tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìkòkò tábà àwọn bàbá wa. Kò sí ìnáwó òkú àgbà kan tí a ń ṣe ládùúgbò wa lónìí tí ẹ kò ní gbọ́ ọ. Níbi ìkórè ọdọọdún, níbi ìgbéyàwó, níbi tí a bá ti ń sin arúgbó lọ sílé ìkẹyìn, òun ló máa ń ṣáájú. Àwọn ọ̀dọ́ sì pọ̀ tó ń wá bá mi pé: “Bọ̀dá, irú sáàsì wo ni kí n rà kí ohùn mi lè dùn bíi ti àwọn ọ̀gá?”

Ìdáhùn mi rèé, ìyókù àlàyé ni. Ohùn kò sí nínú orúkọ tí wọ́n fín sára fèrè. Ohùn wà níbi tí èémí rẹ, rìídì tó ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ, ẹnu fèrè tí rìídì náà wà lára rẹ̀ àti ara fèrè bá ti gbà fún ara wọn. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kọ̀, owó tí o ná kò lè rọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kówó jọ, mo ra sáàsì tẹ́nọ̀ tòkunbọ̀ kan ní Èkó. Ó ń dán gbinrin. Wọ́n fín òdòdó sí i lára, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ṣe é láyé àtijọ́. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ohun àwọn àgbà ni, pé wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo gbé e dé Odò-Ọwà, ìlú mi, bí ẹni gbé ìyàwó wálé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń tẹ dùùrù fi ohùn lélẹ̀, mo fọn tèmi, àwa méjèèjì kò pàdé. Tèmi ga ju tirẹ̀ lọ. Mo fa ẹnu fèrè sẹ́yìn títí ó fi fẹ́ bọ́ kúrò lọ́rùn fèrè. Àwọn ohùn kan wálẹ̀ díẹ̀, àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi rò pé ètè mi ni kò dára.

Ìbàdàn ni mo ti rí ẹni tó là mí lójú. Bàbá kan tó ń tún fèrè ṣe ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n fọn ún. Ó yí ẹ̀yìn fèrè náà sókè, ó fi àkísà nu ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà, ó ní: “Ọmọ mi, ka lẹ́tà tó wà níbẹ̀ yẹn.” Lẹ́tà H kékeré kan ni. Bàbá mirí, ó ní: “Fèrè yìí kò ṣàìsàn. Ayé ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe é fún.”

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ tó wà nídìí lẹ́tà yẹn rèé. Láyé ìgbà kan, gbogbo àgbáyé kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí ohùn A tí gbogbo olórin fi ń tún ohun èlò wọn ṣe yóò dúró. Ní Amẹ́ríkà, kó tó di nǹkan bí ọdún 1930, oríṣi ohùn méjì làwọn tó ń ṣe fèrè ń ṣe. Èyí tó lọ sílẹ̀ ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òun náà là ń lò dòní. Èyí tó ga, tí àwọn ẹgbẹ́ afunfèrè kan fẹ́ràn, wà ní nǹkan bí 457. Ní ọdún 1939 ni ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí 440 fún gbogbo ayé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 440 àti 457 lé ní ìdajì ìrìn tó wà láti orí eyín dùùrù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ihò ara fèrè sì ni wọ́n ti lu síbi tó bá 457 mu. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fa ẹnu fèrè tó, gbogbo ihò wọ̀nyẹn kò lè sún kúrò níbi tí wọ́n wà.

Nítorí náà, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń sọ fèrè di àgbà. Bí ẹ bá fẹ́ ra fèrè ayé àtijọ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí H, tàbí High Pitch, ẹ gbé e padà fún olówó rẹ̀. L tàbí LP, ìyẹn Low Pitch, ni kí ẹ máa wá. Ẹ tún kíyè sí èyí tí wọ́n fín C sí lára. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, Amẹ́ríkà ṣe sáàsì kan tí ohùn rẹ̀ bá dùùrù dọ́gba, ó sì pọ̀ lọ bíi yanrìn. Ó jọ tẹ́nọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe tẹ́nọ̀. Ohun tó dára ni láàyè ara rẹ̀. Ẹni tó bá rà á gẹ́gẹ́ bíi tẹ́nọ̀ ló máa kábàámọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹnu fèrè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọ̀gbẹ́ni Adolphe Sax, tí wọ́n bí ní ìlú Dinant ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní 1814, ló ṣe fèrè yìí. Ní Paris, ní 1846, ló gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Idẹ ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n gé lára igi tó jọ ìfefe, ló ń gbọ̀n lẹ́nu ẹni tó ń fọn ún. Òun là ń pè ní rìídì. Inú ara fèrè rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò: ó tín-ín-rín lókè, ó ń fẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo àrọ tí a gé ṣóńṣó orí rẹ̀ kúrò. Ibi tí a gé yẹn ni a ń ki ẹnu fèrè bọ̀. Ìyẹn ni pé àyè tó wà nínú ẹnu fèrè gbọ́dọ̀ dípò orí tí a gé kúrò. Bó bá kéré jù, tàbí tó tóbi jù, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè kò ní gbọ́ ara wọn yé. Ẹ̀ ń tún ìsàlẹ̀ ṣe, òkè ń bàjẹ́. Ẹ sì lè máa dá fèrè tí kò ṣẹ̀ lẹ́bi.

Lẹ́yìn wàhálà àkọ́kọ́ yẹn, mo rí tẹ́nọ̀ kejì. Conn ni orúkọ tó wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana. Kíkùn ara rẹ̀ ti bó, ó pọ́n ráúráú bí ilẹ̀ wa níhìn-ín, kò sí ẹni tó fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e tọ Bàbá lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, inú rẹ̀ dùn. Ó ti fèrèsé, ó pa iná, ó ki gílóòbù kékeré kan bọ inú fèrè náà, ó sì ń di ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ páàdì tó ń dé ihò, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Ihò méje ló ń jò. Bàbá ní: “Bí òrùlé bá ń jò, a kì í kun ògiri lọ́dà ná.” Ó pààrọ̀ páàdì, ó tún àwọn sípíríìnì tẹ̀, ó lẹ kọ́ọ̀kì tuntun mọ́ ọrùn rẹ̀. Mo ní kó bá mi dán ara rẹ̀ náà. Ó kọ̀. Ó ní bí a bá ń ha idẹ kó lè dán, ara fèrè là ń jẹ, ohùn kò sì ní tìtorí rẹ̀ dùn sí i.

Ẹnu fèrè tí mo ń lò nígbà náà, irin tó ń kọ mànà ni. Inú rẹ̀ há, wọ́n sì gbé òkìtì kékeré sí àjà rẹ̀ kí èémí lè sáré kọjá. Irú rẹ̀ ní ìwúlò tirẹ̀. Bí gìtá, dùùrù oníná àti jẹnẹrétọ̀ bá ń pariwo lóde ìnáwó, òun ló ń la ariwo já. Ṣùgbọ́n lórí Conn àgbà yìí, ṣe ló ń han bí ẹyẹ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bàbá wo ojú mi, ó wọ yàrá lọ, ó mú ẹnu fèrè dúdú kan bọ̀, rọ́bà líle ni, inú rẹ̀ rí roboto bí inú akèǹgbè. Bí ọ̀pọ̀ ẹnu fèrè ìgbà tí wọ́n ṣe Conn yẹn ṣe rí nìyẹn. Ó ní kí n fọn ohùn kan ṣoṣo, kí n má yára.

Mo fọn ún. Ohùn náà kò pariwo. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà bí àgbàlagbà tó wọlé tó ń kí ará ilé ní ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tó ti dé Ìkógòsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì wa níhìn-ín, ẹ mọ bí omi gbígbóná àti omi tútù ṣe ń ṣàn wá pàdé. Omi gbígbóná kò tán, omi tútù kò sì gbẹ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti pàdé ni ara ti ń gba omi náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu fèrè àti fèrè.

(Ohùn sáàsì, ìṣẹ́jú àáyá 10.)

Ẹ ó bi mí pé, èwo wá ni ohùn tó tọ́? Fún ọmọ Yorùbá, mo ní ìdáhùn kan tí n kò ní fi ṣeré. Ohùn tó tọ́ ni èyí tó lè sọ̀rọ̀. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọkọ tí ìyàwó fẹ́, lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Onígángan mọ èyí. Bó bá ki ọba, ọba á gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú awọ. Sáàsì pẹ̀lú lè ṣe é, nítorí ètè àti àgbọ̀n lè fa ohùn rẹ̀ sókè, wọ́n lè rọ̀ ọ́ wálẹ̀, bí onígángan ṣe ń fún ọṣán ìlù lábíyá. Ẹnu fèrè tí inú rẹ̀ fẹ̀ sì máa ń gbà kí èèyàn fa ohùn bẹ́ẹ̀ ju èyí tó há lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn fèrè àgbà. Ó rọrùn fún un láti fi èdè wa sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì J. J. Ransome-Kuti wà lára àwọn tó fi ohùn ìbílẹ̀ Yorùbá gbé orin Kristẹni kalẹ̀, kí ohùn orin má baà yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Ní 1922, ó lọ kọ orin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fela. Kàkàkí òyìnbó, ìyẹn tùráńpẹ́ẹ̀tì, ni Fela lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Nígbà tí Igo Chico tó ń fọn tẹ́nọ̀ fún un fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1973, Fela fúnra rẹ̀ gbé tẹ́nọ̀, ó jókòó tì í, ó sì kọ́ ọ. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ló ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú fèrè.

Ní ilẹ̀ Èkìtì tiwa, Ìkọ̀lé ni wọ́n ti bí Orlando Julius Ekemode ní 1943. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ìlù ló kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ sáàsì. Ìbàdàn ló lọ nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti di olórin. Ní 1966, àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Super Afro Soul jáde, àwọn tó ń fọn sáàsì káàkiri ayé ṣì ń tẹ́tí sí i títí dòní. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà náà ni Chris Ajilo, ọ̀gá tẹ́nọ̀ tí wọ́n bí ní 1929. Roy Chicago, ọmọ Ìkàrẹ́, òun náà fọn tẹ́nọ̀, ó sì wà lára àwọn tó gbé gángan wọ inú háíláífù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò, ìlú àwọn àgbà wọ̀nyí kò jìnnà sí yín. Ilé kejì ni wọ́n. Ẹ wá orin wọn gbọ́ kí ẹ tó náwó sí fèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ dẹ́rù bà yín. Òótọ́ ni pé sáàsì Selmer Mark VI, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Faransé ní 1954, dára. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ lè kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 1953, Charlie Parker, ọ̀gá àwọn ọ̀gá, dé ìlú Toronto, ó sì fi sáàsì oníke funfun kan tí wọ́n ń pè ní Grafton ṣeré ní gbọ̀ngàn Massey Hall. Ike ni o! Ohùn Parker náà ni ayé gbọ́. Èémí ni olórí. Ní 2017, ní New Afrika Shrine ní Ìkẹjà, Femi Kuti, ọmọ Fela, di ohùn kan ṣoṣo mú fún ohun tó lé ní 50 ìṣẹ́jú, imú ló fi ń fa atẹ́gùn wọlé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń tì í jáde. Àwọn tó ń fọn àlígáítà ní ilẹ̀ Haúsá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọn kì í ta èyí lọ́jà kankan. Ìdánrawò ló ń bí i.

Ó ku ìmọ̀ràn díẹ̀ kí n tó dákẹ́. Bí ẹ bá ń lọ ra fèrè, ẹ gbé ẹnu fèrè tí ẹ mọ̀ àti rìídì tuntun dání. Bí ẹ bá lo tiwọn, ẹ kò ní mọ ẹni tó jẹ̀bi. Àlàfo tó wà láàárín rìídì àti ṣóńṣó ẹnu fèrè tẹ́nọ̀ kan lè tó mílímítà 2.5. Bí àlàfo bá fẹ̀, ẹ lo rìídì tó rọ̀, bíi nọ́ńbà 2. Bó bá há, nọ́ńbà 3 lè bá a lọ. Nǹkan kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lásìkò ọyẹ́, rìídì máa ń gbẹ, ó máa ń ká kò. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tó dé dáadáa. Bí òtútù òwúrọ̀ bá mú, ohùn fèrè á lọ sílẹ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu yín sí i títí ara rẹ̀ á fi yá, kí ẹ tó bá dùùrù pọ̀.

Ẹ gbé fóònù síbi tí àwọn èèyàn máa ń jókòó sí, kí ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń fọn ún ń gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ìjọ ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọn orin kan tí ìyá yín mọ̀, láìsí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ náà láti ìdí ààrò, ohùn yín ti ń bọ̀ nìyẹn. Èmi dán èyí wò nílé wa ní Odò-Ọwà pẹ̀lú Conn tí kíkùn rẹ̀ ti bó. Ẹsẹ kejì orin náà ni màmá mi ti gbè é.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà wọ̀nyẹn wà nínú ilé wa o. Wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn bàbá tó fọn fèrè rí nínú ẹgbẹ́ eléré, wọ́n wà nínú ìyàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé ẹ̀kọ́, ìpẹtà ti bò wọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tà wọ́n fún àwọn tó ń ra idẹ ní kílò. Ẹ gbé wọn jáde. Ẹ nu eruku wọn, ẹ ka lẹ́tà tó wà lẹ́yìn wọn, ẹ gbé wọn tọ ẹni tó mọ páàdì tún ṣe lọ, kí ẹ sì fi wọ́n lé ọmọ kan lọ́wọ́ nílé yín.

 

(Ohùn sáàsì wọlé, ó sì parí ètò.)